Òmà Kì í Kọ Ìlàjà Tí Kò Fojú Rí

Òmà mi kú láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì kan, ẹnu mi ò sì tíì padé dòní. Kò ṣàìsàn rárá. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ó pè mí lórí fóònù láti bá mi jà nítorí pé mo gé irun mi. Ó ní mo dà bí àgùntàn tí wọ́n rẹ́ nígbà òtútù, ó sì gé fóònù náà láìdágbére, bí ìṣe rẹ̀. Nígbà tí Daddy wá pè mí lọ́jọ́ kejì, mo rò pé Òmà ló rán an kó wá parí ìjà ọ̀hún. Daddy ní, "Títí, Òmà ti lọ." Mo bi í pé ibo ló lọ.

Òmà ni àwọn ará Jámánì ń pe ìyá àgbà, ará Jámánì sì ni ìyá tó bí bàbá mi. Ọmọ àgbẹ̀ ni, láti abúlé kan tí màlúù ibẹ̀ pọ̀ ju ènìyàn lọ. Bàbá Àgbà, ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó, lọ kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ nítòsí ibẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti pàdé. Ó tẹ̀lé e wá sí London, wọ́n bí ọmọkùnrin méjì: Fẹ́mi, tó jẹ́ bàbá mi, àti Délé, àbúrò rẹ̀. Ìyá ọkọ rẹ̀ wá bá wọn tọ́mọ ní ilé wọn ní Longbridge, ní Barking, òun ló sọ ọ́ ní Abẹ̀kẹ́, òun ló sì kọ́ ọ ní Yorùbá. Yorùbá Ìjẹ̀bú ni o. Bí ẹ bá gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ẹ ó ní ìyá arúgbó kan láti Ìjẹ̀bú ló wà nínú ilé. Bí ẹ bá wọlé, ẹ ó bá òyìnbó tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ń fi ìgbálẹ̀ lé ológbò aládùúgbò.

Mi ò ní to ìgbésí ayé rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ fún yín. Kò ní fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó máa ń sọ pé ẹni tó bá ń bẹ̀rẹ̀ ìtàn láti ọjọ́ ìkómọ, kò ní ohun tó fẹ́ sọ ni.

Àwọn ará ìjọ wa ló kọ́kọ́ ta gìrì. Ìjọ aláṣọ funfun ni tiwa, lápá Castle Green, Òmà kì í sì í pa ìsìn jẹ níbẹ̀. Kó bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà kó wọlé pẹ̀lú ẹsẹ̀ lásán, inú rẹ̀ á máa dùn bí ọmọ tí wọ́n fún láyè láti ṣeré nínú ẹrẹ̀. Ní ọjọ́ ìsìn orin tó ṣáájú ìsìnkú, àwọn ìyá arúgbó méjì kan wọlé pẹ̀lú òdòdó. Jámánì ni wọ́n ti wá. A ò mọ̀ wọ́n rí. Wọ́n dúró níwájú àwòrán rẹ̀, wọ́n ń sunkún bí ẹni tí wọ́n jọ mu ọmú kan náà. Mo bá wọn ṣe ògbufọ̀: wọ́n ní àwọn ti ń ka ìwé rẹ̀ láti ìgbà tí àwọn ti wà ní omidan. Ìyá Ìjọ yí sí mi, ojú rẹ̀ là rekete.

"Ìwé kẹ̀? Which book? Màmá Jámánì tiwa yìí? Èyí tá a jọ máa ń bó ẹ̀wà fún harvest?"

Bẹ́ẹ̀ ni o. Àwọn ìwé pẹlẹbẹ tí wọ́n ń tà ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin ni Òmà ń kọ, ìtàn àwọn ìdílé àgbẹ̀: ìyàwó àti ìyá ọkọ, ilẹ̀, màlúù, ọmọ ìyá tí kì í kí ara wọn. Àwa ará ilé mọ̀ pé ó ń kọ̀wé, bí ènìyàn ṣe ń mọ̀ pé ìyá òun ń hun súwẹ́tà. A ò mọ̀ pé ẹnìkan lè wọkọ̀ òfuurufú wá sunkún nítorí rẹ̀. Mo ti bi í rí pé kí ló dé tí kì í sọ fún àwọn ará ìjọ. Ó ní, "Bí mo bá sọ fún wọn, wọn ò ní jà lójú mi mọ́."

Nítorí ìjà wa ni ọjà rẹ̀. Láti ìgbà tó ti kúrò ní abúlé wọn, kò gbé inú oko mọ́. Tó bá fẹ́ mọ ìgbà tí wọ́n ń gé koríko, á pe ìbátan rẹ̀ kan níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ènìyàn inú ìwé rẹ̀, àwa ni. Ó kàn ń wọ̀ wá láṣọ àgbẹ̀ ni. Àǹtí mi kan wà tó bínú níbi ìgbéyàwó nítorí pé wọn ò kí i, ló bá gbé kúlà ìrẹsì rẹ̀ padà sílé. Nínú ìwé, ó di obìnrin kan tó kó gbogbo wàrà rẹ̀ sẹ́yìn ẹṣin. Màmá mi sì wà nínú ìwé kan, ó ń fọ ìkòkò tí wọ́n ti fọ̀ tẹ́lẹ̀ níṣojú ìyá ọkọ rẹ̀.

Èmi nìkan ni mo lè ka Jámánì geere nínú wa. Òmà ló kọ́ mi. Daddy àti Uncle Délé ń gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n tó bá di ti ìwé, wọ́n á ní ojú ń dun àwọn. Lọ́jọ́ kan mo wà lẹ́nu iṣẹ́ ní River Road, níbi tí mo ti ń bójú tó ẹrù tó ń jáde ní ilé ìkẹ́rùsí, mo ń jẹ mítípáì, mo sì ń ka èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ìwé rẹ̀. Ọmọbìnrin kan wà níbẹ̀ tó ń sọ fún ìyá rẹ̀ pé òun ń lọ wá ewúrẹ́ tó sọnù, ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́kùnrin rẹ̀ ló sì ń lọ. Mítípáì há mi lọ́nà ọ̀fun. Choir practice ni èmi máa ń pè é ní tèmi. Mo gba ilé Òmà lọ tààrà lẹ́yìn iṣẹ́, mo na ìwé sí i lójú.

"Òmà, èmi nìyí! Ẹ tiẹ̀ kọ ẹ̀wù búlúù mi yẹn síbẹ̀!"

Kò gbójú sókè níbi tó ti ń já ewédú. Ó ní, "Ìwọ kọ́. Ọmọ yẹn ní ewúrẹ́."

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí kì í yá lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, tí kì í sì í finú rò. Ìwé irú tirẹ̀ gbọ́dọ̀ parí sí ìlàjà, bí ìsìn ṣe ń parí sí oore-ọ̀fẹ́. Ẹni tó bá fowó ra ìwé yẹn ní ibùdó ọkọ̀ fẹ́ kí ìjà ti parí kí òun tó sọ̀ kalẹ̀. Òmà kì í sì í kọ ìlàjà tí kò fojú ara rẹ̀ rí. Ìdí nìyẹn tó fi máa ń tẹ̀lé Ìyá Ìjọ kiri níbikíbi tí wọ́n bá ti fẹ́ parí ìjà. Kì í dá sí i. Á jókòó síbi ìkángun àga, á máa wo ọwọ́ wọn, á máa wo ẹni tó kọ́kọ́ mu omi àti ẹni tó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Àwọn ará ìjọ rò pé ó ń gbàdúrà ni. Lọ́jọ́ kan ó ti Dagenham dé, ibi tí ọkọ àti ìyàwó kan ti ń fi ìwé ránṣẹ́ síra wọn nínú ilé kan náà tipẹ́. Kò bọ́ kóòtù, ó ti jókòó tó ń kọ ọ́. Ó ní gbogbo ohun tí àwọn àgbà ìjọ sọ ò ràn wọ́n, àfi ìgbà tí ìyàwó wo abọ́ ọkọ, tó ní ẹ̀bà yẹn ti tutù, kó jẹ́ kí òun tẹ òmíràn. Ó wá yí sí mi, ojú rẹ̀ ń dán. "Títí, wọn kì í sọ ọ́ bí ẹ ṣe rò."

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì ni mo wá kàn báyìí, inú mi ò sì dùn láti sọ ọ́.

Nígbà tí àìsàn Bàbá Àgbà le, ó sọ fún Uncle Délé pé kí wọ́n sin òun síhìn-ín, níbi tí Òmà lè fẹsẹ̀ rìn dé. Uncle Délé ló máa ń fá irùngbọ̀n fún un, ìyẹn ni wọ́n ṣe jọ máa ń sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ akẹ́rù ló ń wà, ó máa ń gbé ẹrù kọjá òkun. Ọ̀sẹ̀ tí Bàbá Àgbà kú gan-an ni ọkọ̀ Uncle Délé dojú dé ní Poland. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kán, wọ́n dá a dúró sí ilé ìwòsàn ibẹ̀. Ó pe Daddy láti orí ibùsùn, ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́ dúró de òun. Àwọn ẹbí Ìjẹ̀bú-Igbó náà ń pe Daddy: "Ìwọ ni àkọ́bí. Ṣé ìlú òyìnbó lo fẹ́ sin bàbá rẹ sí bí ẹni tí kò nílé?" Daddy ò dúró. Ó gbé òkú lọ sílé, sí Ìjẹ̀bú-Igbó, ó sì sin ín. Nígbà tí Uncle Délé fi máa padà wọ Barking pẹ̀lú ọ̀pá lábíyá, wọ́n ti rẹ́ ibojì náà.

Ilé Òmà ló gbà lọ. Gbogbo wa wà níbẹ̀. Ó wo Daddy, ó ní, "O jí bàbá mi gbé." Kò sọ pé "ẹ". Màmá mi pàtẹ́wọ́. Daddy ní, "Ṣé èmi lò ń sọ bẹ́ẹ̀ sí?" Ọ̀rọ̀ Bàbá Àgbà pòórá níbẹ̀, ó di ọ̀rọ̀ àrífín. Láti ọjọ́ yẹn wọn ò bára wọn sọ̀rọ̀ mọ́. Tí wọ́n bá pàdé nílé Òmà, ọ̀dọ̀ mi ni ọ̀rọ̀ wọn ń gbà kọjá: "Títí, sọ fún Daddy ẹ kó pass iyọ̀." Òmà fúnra rẹ̀ kò tíì rí ibojì ọkọ rẹ̀. Ó sọ fún wọn lẹ́ẹ̀kan, láìpariwo, pé wọ́n fẹ́ràn bàbá wọn tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n gbàgbé pé ọkọ òun ni.

Àwọn àgbà ìjọ bẹ Daddy títí. Ó ní òun ò bínú, ṣùgbọ́n àbúrò ló ń wá bá ẹ̀gbọ́n. "Ẹ̀gbọ́n kì í bẹ àbúrò níbi tí wọ́n ti bí mi." Òmà ń da kọfí lọ́wọ́. Ó ní, "Barking ni mo bí ọ sí, Fẹ́mi."

Nígbà náà ló bẹ̀rẹ̀ ìwé kan. Bàbá kan kú nínú oko, ó ti ní kí wọ́n sin òun sẹ́bàá igi tó wà lẹ́yìn ilé. Yìnyín dá ọmọ kékeré dúró sórí òkè pẹ̀lú àwọn màlúù, ọmọ àgbà sì sáré sin bàbá sí ìlú ńlá kó tó dé. Díẹ̀díẹ̀ ni ilé ìtẹ̀wé ń gbé e jáde, apá kan lẹ́yìn òmíràn. Ó kọ gbogbo rẹ̀, ó ku apá ìgbẹ̀yìn, ó sì kọ̀ láti kọ ìyẹn. Obìnrin tó ń bójú tó ìwé rẹ̀ ní Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí í pè é lójoojúmọ́.

Ọjọ́ Àìkú Àjíǹde, gbogbo wa ń jẹ ìkọ́kọrẹ́ nídìí tábìlì rẹ̀, obìnrin yẹn tún pè. Òmà jẹ́ kí gbogbo wa máa gbọ́. Lẹ́yìn náà ó ń túmọ̀ fún àwọn tí kò gbọ́ Jámánì, bí ẹni tó ń ka ìfilọ̀ nínú ìjọ.

"Ó ní àwọn òǹkàwé ń dúró. Mo ní èmi náà ń dúró. Ó ní kí lò ń dúró dè. Mo ní àwọn ọmọ mi rèé tí wọ́n ń jẹun, kó bi wọ́n."

Ó na fóònù sí Daddy. Daddy tẹjú mọ́ abọ́ rẹ̀. Ó nà á sí Uncle Délé. Uncle Délé dìde, ó ní, "Màmá, I'm driving early, ẹ jẹ́ n máa lọ." Obìnrin yẹn wà lórí fóònù, ó ń ṣe "Hálò? Hálò?" Ojú tì mí débi pé mo bẹ̀rẹ̀ sí í palẹ̀ abọ́ tí wọn ò tíì jẹ tán.

Nígbà tó ku èmi àti òun, mo ní, "Òmà, ẹ kàn kọ ọ́ jàre. It's only a story." Ìgbà yẹn ló sọ ohun tí kò sọ fún mi rí. Lábúlé wọn, àkọ́bí ló ń jogún gbogbo oko, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì gbà á láìwo ojú rẹ̀. Òmà bínú jáde, kò sì bá a sọ̀rọ̀ mọ́. Nínú ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́, ó kọ bí àwọn méjèèjì ṣe pàdé lẹ́nu ọ̀nà oko tí wọ́n sì dì mọ́ra. Ó ní ó dára gan-an, ó ní àwọn ènìyàn sunkún. "Lẹ́yìn tí mo kọ ọ́ tán, ọkàn mi balẹ̀. Mo rò pé mo ti ṣe é. Mi ò wá lọ mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi sì kú."

Mi ò bẹ̀ ẹ́ mọ́ láti ọjọ́ yẹn.

Nígbà tí Òmà wá kú, ó dá mi lójú pé ikú rẹ̀ yóò parí ìjà wọn. Kò sí àríyànjiyàn nípa ibi tí a ó sin ín, nítorí pé ó ti sọ ọ́ fún pásítọ̀ wa lójú gbogbo ènìyàn: "Ibi tí bọ́ọ̀sì ń kọjá ni kí ẹ sin mí sí, kí ẹ má baà rí àwáwí." Ibẹ̀ náà la sin ín sí, ní Barking níhìn-ín. Daddy dúró sápá ọ̀tún ibojì, Uncle Délé dúró sápá òsì. Ẹnì kọ̀ọ̀kan bu yẹ̀pẹ̀ tirẹ̀. Mo ń wò wọ́n, mo ń dúró. Òjò bẹ̀rẹ̀, Uncle Délé ṣí agboòrùn rẹ̀, Daddy gbé kọ́là kóòtù rẹ̀ sókè, wọ́n sì wọ ọkọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lọ sílé. Ikú Òmà dẹ́rù bà mí, ṣùgbọ́n èyí tún ju ìyẹn lọ.

A ń kó ẹrù rẹ̀ ní ọ̀sán Sátidé kan lẹ́yìn ìyẹn, èmi àti àwọn méjèèjì. Èmi ló ń gbé ọ̀rọ̀ wọn káàkiri láàárín àwọn páálí. Ẹnìkan kan ilẹ̀kùn, ó gbé ẹrù kékeré kan láti Jámánì lé mi lọ́wọ́. Mo já a: apá ìgbẹ̀yìn ìwé náà ni, orúkọ Òmà wà lẹ́yìn rẹ̀ gàdàgbà.

Daddy ní, "Ṣé ó ti parí ẹ̀ ni? Nígbà wo?"

Uncle Délé gbé ìkòkò ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn méjèèjì wò mí, wọ́n sì sọ ọ́ pọ̀: "Kà á."

Mo jókòó, mo ń ka Jámánì lójú, mo ń sọ Yorùbá lẹ́nu. Òjò ń rọ̀ nínú ìwé yẹn. Ọmọ kékeré ti òkè dé, ó ṣí fìlà, ó kúnlẹ̀ nínú ẹrẹ̀ níwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó dárí ji òun. Ẹ̀gbọ́n gbé ọwọ́ lé e lórí. Agogo ṣọ́ọ̀ṣì dún. Màlúù kan bímọ.

"Dúró ná," ni Daddy wí. "Ta ló ń bẹ ta?"

"Àbúrò ló ń bẹ ẹ̀gbọ́n, Daddy."

"Màmá kọ́ ló kọ ìyẹn."

Uncle Délé ní, "No way. Wetin be this? Agogo? Màmá tó kórìíra agogo?"

Mo ṣí ẹ̀yìn ìwé náà wò. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ ní lẹ́tà tíntìntín pé ẹlòmíràn ló bá a parí rẹ̀. Bí mo ṣe sọ bẹ́ẹ̀, Daddy dìde. Mi ò rí i kó bínú báyẹn rí. Ó ń rìn yí àwọn páálí ká.

"Wọ́n ti ba ìwé ìyá mi jẹ́! Ìwà ìkà wo nìyí? Ọmọ tó ní kí wọ́n jọ̀ọ́ dúró de òun, tí wọn ò dúró! Ó dùbúlẹ̀ sílẹ̀ àjèjì pẹ̀lú ẹsẹ̀ kíkán, wọ́n lọ sin bàbá rẹ̀! Òun ni wọ́n tún ní kó wá kúnlẹ̀? For what? Kí ló ṣe?"

Kò sí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kán nínú ìwé yẹn. Daddy dúró gbagidi láàárín ilé ìdáná, ó ń gbọ́ ohun tí ẹnu ara rẹ̀ sọ.

Ó wá dọ̀bálẹ̀. Bàbá mi, àkọ́bí, àgbà ìjọ, nà gbalaja sílẹ̀ níwájú àbúrò rẹ̀, àyà rẹ̀ kan ilẹ̀.

"Délé, ó yẹ kí n dúró dè ẹ́."

Uncle Délé fò sókè bí ẹni tí iná jó. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dìde! Ah, ẹ jọ̀ọ́! Wọn kì í ṣe báyìí!" Ó dì í mú lápá, ó fà á, Daddy ò dìde. Apá rẹ̀ ò ká a. Òun náà bá dùbúlẹ̀ tì í, ó ń sunkún sínú kápẹ́ẹ̀tì tí Òmà máa ń nu ẹsẹ̀ sí.

Ó yẹ kí inú mi dùn. Inú mi ò dùn. Mo kàn ń rí àga rẹ̀ tó ṣófo, ìbínú kan sì ru sókè nínú mi tí mi ò mọ ibi tó ti wá.

Mo pariwo mọ́ wọn, èmi tí wọ́n bí: "So ẹ lè ṣe é! All this time, ẹ lè ṣe é!"

Wọ́n wà nílẹ̀ níbẹ̀.